Bí a ṣe ń fi jíìnì tuntun sínú atalẹ̀, tí a sì ń tọ́ ọ di odindi ewéko

Atalẹ̀ máa ń yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í sábà so irúgbìn tó lè hù. Iṣu rẹ̀ là ń gé gbìn láti ọdún dé ọdún, nítorí náà gbogbo atalẹ̀ inú oko kan lè jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, àrùn kan ṣoṣo sì lè gbá gbogbo wọn lọ. Bí bakitéríà Ralstonia solanacearum bá ti wọ ilẹ̀, tàbí tí Pythium, ohun alààyè tó dà bí olú, bá ti ń sọ iṣu di jíjẹrà, kò sí bí a ṣe fẹ́ da oríṣi méjì pọ̀ kí wọ́n bí ọmọ tó lágbára ju àwọn méjèèjì lọ. Atalẹ̀ pupa, tí àwọn kan ń pè ní ajó, tún le jù bẹ́ẹ̀: ìdìpọ̀ kúrómósómù mẹ́ta ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ dípò méjì, èyí ló sì sọ ọ́ di àgàn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí èròjà ọbẹ̀ fi yíjú sí fífi jíìnì sínú sẹ́ẹ̀lì ní tààràtà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí máa ń rò pé jíìnì ni ìṣòro. Irọ́ ni. Bakitéríà tó ń gbé jíìnì wọlé mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni kí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó gba jíìnì náà, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò gbà á, tún dìde kó di ewéko tó ní ewé àti gbòǹgbò. Nítorí náà, ẹ má ra plasmid, ìyẹn òrùka DNA tí a fi ń gbé jíìnì, ẹ má sọ bakitéríà kankan sínú omi, títí tí ẹ ó fi lè mú atalẹ̀ lásán, tí a kò fi nǹkan kan sí, hù láti inú kálọ́ọ̀sì (ìṣù sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì di ewé tàbí gbòǹgbò) nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn.

Àṣẹ, kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀

Ewéko tí a yí jíìnì rẹ̀ padà ní òfin tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àdéhùn Cartagena lórí ààbò ohun alààyè, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2000 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òfin náà dúró lé. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ààbò ilé iṣẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ti mọ ilé tí ewéko náà yóò dàgbà sí. Kò dára kí ewéko ti hù tán kó tó di pé ẹ ń wá ibi tí wọ́n ó ti gbà á láàyè.

Ewéko wo ni ẹ ó mú?

Gbogbo èròjà ọbẹ̀ kọ́ ló ń hù bákan náà nínú ìgò. Coriander rọrùn, kálọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń yọ ọlẹ̀, ìyẹn ewéko tíntìntín bí èyí tó wà nínú irúgbìn, láìjanpata, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọwọ́. Atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa wà ní agbede méjì. Ata tí a ń jẹ, Capsicum, le gan-an: ẹ ó rí ewé kéékèèké tó ṣù jọ bí òdòdó, wọn ò sì ní gùn, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi ata tó gbọ́ràn lọ́wọ́ ẹnì kan lè ya alágídí pátápátá lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó mú oríṣi mìíràn. Black pepper, ìbátan iyèrè, ló ń fi ojú ènìyàn rí màbo jù. Bakitéríà ń gbé inú ara rẹ̀ láìpa á lára, wọ́n sì lè fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó ya jáde sórí oúnjẹ inú ìgò. Ọgbẹ́ tí a bá dá sí i lára tún máa ń tu omi dúdú tó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan tó ṣàṣeyọrí níbẹ̀ kò lo ewé tàbí èéhù. Ara èso tó ń hù lọ́wọ́ ni wọ́n ti mú ọlẹ̀ jáde.

Atalẹ̀ ni mo ó lò níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe atalẹ̀ pupa lè tẹ̀lé e gẹ́lẹ́, kó kàn tún ìwọ̀n họ́mónù yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú kí ojú atalẹ̀ mọ́

Iṣu tó wá láti inú ilẹ̀ kún fún bakitéríà àti olú. Ẹ má gé ojú lára iṣu oko ní tààràtà. Ẹ fọ iṣu tó dá ṣáká, ẹ tẹ́ ẹ sórí iyanrìn tó mọ́ tí a kò rin jù, ní ibi tó lọ́ọ́wọ́ọ́rọ́, kó yọ èéhù. Èéhù tuntun tó gùn tó sẹ̀ntímítà 1 sí 2 ni ẹ ó gé, nítorí pé ó mọ́ ju ojú tó ti wà lára iṣu láti oko lọ.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ rì í sínú spírítì 70% fún ìṣẹ́jú kan péré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bílíìṣì tí a lú mọ́ omi, ìdá kan bílíìṣì sí ìdá mẹ́rin omi, fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ kán Tween 20, ohun èlò bí ọṣẹ, ẹ̀kán méjì sí i kó lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Nínú àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ ni ẹ ó ti fi omi tí a ti sè nínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru omi pa kòkòrò) ṣàn án nígbà mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ bó ewé òde kúrò, ẹ tún fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 5 nínú bílíìṣì tó fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ ṣàn án, ẹ wá gé àárín rẹ̀ tó tó mìlímítà 5.

Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ní kí a lo mercuric chloride 0.1%. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹni tó ń lò ó, kò sì sí ibi tó rọrùn láti da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Bí bílíìṣì bá kùnà, ẹ kọ́kọ́ wo iṣu tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó sáré lọ bá májèlé.

Ìgbésẹ̀ 2: Oúnjẹ inú ìgò

Oúnjẹ MS, tí Murashige àti Skoog gbé jáde ní 1962, ni ìpìlẹ̀. Ẹ fi ṣúgà gíráàmù 30 sí lítà kan, ẹ tún pH rẹ̀ ṣe sí 5.8, ẹ fi ágà gíráàmù 7 sí 8 sí i, kí ẹ sè é nínú autoclave ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. pH ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ágà tó wọlé. Họ́mónù BAP àti NAA lè fara da sísè. Oògùn apa-bakitéríà kò lè fara dà á, ẹ fi asẹ́ tó ní ihò tíntìntín, 0.22 µm, sẹ́ ẹ, kí ẹ wá dà á sínú oúnjẹ nígbà tí ó bá ti tutù dé bí 50 °C.

Ìgbésẹ̀ 3: Láti ojú dé kálọ́ọ̀sì, láti kálọ́ọ̀sì dé èéhù

Ẹ kọ́kọ́ mú kí ojú náà pọ̀ sí i. Lórí MS tó ní BAP mílígíráàmù 2 sí 3 àti NAA 0.5 sí lítà kan, ní 25 °C pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ wákàtí 16 lójúmọ́, ojú kan yóò di èéhù púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa ṣí wọn nípò lọ sínú oúnjẹ tuntun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Èyí ni ìṣúra yín: ohun tó mọ́, tó jẹ́ ẹ̀dà kan náà, tí ẹ ó máa gé lò.

Lẹ́yìn náà ẹ gé ìdí ewé àti orí èéhù náà sí wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sórí MS tó ní họ́mónù 2,4-D mílígíráàmù 1 sí 2 sí lítà kan, nínú òkùnkùn. Kálọ́ọ̀sì oríṣi méjì ni yóò hù. Ọ̀kan rọ̀, ó tutù yọ̀ọ̀, ó ń tàn bí gíláàsì; ẹ dà á nù, kò ní bí nǹkan kan. Èkejì yẹ́pẹ́yẹ́pẹ́, ó funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọrá, ó sì máa ń já sí hóró hóró bí ẹ bá fi irin kàn án. Òun ni ẹ ń wá. Ojú lẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe é fún yín, ojú yìí ló sì pín àwọn tó ń ṣàṣeyọrí níyà sí àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ya hóró hóró yẹn sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ oúnjẹ, títí tí ìgò yín yóò fi kún fún òun nìkan.

Nígbà tó bá tó, ẹ yọ 2,4-D kúrò pátápátá, ẹ gbé kálọ́ọ̀sì lọ sórí BAP mílígíráàmù 1 sí 3, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ka iye hóró tó yọ èéhù nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kéré gan-an, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ tún ìwọ̀n họ́mónù dán wò, tàbí kí ẹ pààrọ̀ oríṣi atalẹ̀. Ẹ má tẹ̀ síwájú. Kálọ́ọ̀sì tó bá pẹ́ jù nínú ìgò náà yóò máa pàdánù agbára láti hù, ewéko tó bá sì jáde lára rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi jíìnì kan sí i. Nítorí náà ẹ máa ṣe tuntun látìgbàdégbà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ìwọ̀n oògùn tó ń pa á

Lẹ́yìn tí jíìnì bá wọlé, oògùn ni yóò pa sẹ́ẹ̀lì tí kò gbà á. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n tó ń pa atalẹ̀ lásán. Kanamycin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ láti ara tábà, ṣùgbọ́n àwọn ewéko bí atalẹ̀, tó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú àgbàdo àti ìrẹsì ní ti pé ewé kan ni irúgbìn wọn fi ń yọ, máa ń fara dà á. Hygromycin dára jù fún wọn. Ẹ to kálọ́ọ̀sì lásán sórí 0, 5, 10, 15, 20 àti 30 mílígíráàmù sí lítà kan, ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìwọ̀n tó kéré jù tó pa gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó lò. Tí ẹ bá lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkú sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ yóò pa àwọn tó gba jíìnì pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Hygromycin kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ lásán kàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣètò DNA àti bakitéríà

Agrobacterium tumefaciens ń gbé inú ilẹ̀, ó sì ń mú kókó wú lára igi nípa fífi apá kan DNA tirẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì igi náà. Láti 1983 ni àwọn onímọ̀ ti ń lò ó: wọ́n yọ jíìnì tó ń fa kókó kúrò, wọ́n fi tiwọn sí àárín ààlà méjì, ààlà òsì àti ààlà ọ̀tún, bakitéríà sì gbé ohun tó wà láàárín wọn wọlé. EHA105, LBA4404 àti AGL1 wà lára àwọn oríṣi Agrobacterium tí ẹ ó máa bá pàdé; fún atalẹ̀, EHA105 tàbí AGL1 ni mo fẹ́ràn, nítorí agbára wọn pọ̀ ju ti LBA4404 lọ.

Nǹkan méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò lórí plasmid. Àkọ́kọ́ ni promoter, apá tó ń jí jíìnì dìde: 35S tó wá láti inú fáírọ́ọ̀sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì nínú ewéko ẹbí àgbàdo, ubiquitin tó wá láti ara àgbàdo fúnra rẹ̀ lágbára jù. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ lo GUS, jíìnì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì di búlúù nígbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, láti fi mọ ibi tí jíìnì wọ̀, ẹ lo èyí tó ní intron láàárín, ìyẹn ègé tí sẹ́ẹ̀lì ewéko máa ń gé kúrò kó tó lo jíìnì. Bakitéríà kò lè gé intron yẹn kúrò, nítorí náà àwọ̀ búlúù tí ẹ bá rí, inú sẹ́ẹ̀lì ewéko ló ti wá. Láìsí intron, bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ara kálọ́ọ̀sì yóò tàn yín jẹ.

Ẹ sin bakitéríà náà mọ́jú ní 28 °C nínú oúnjẹ LB tàbí YEP tó ní oògùn tí plasmid náà ń fara dà. Láàárọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ yí i kó rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ pò ó mọ́ MS olómi títí tí OD600 rẹ̀, ìwọ̀n bí omi náà ṣe ṣú tó, yóò fi wà láàárín 0.4 àti 0.8. Ẹ fi acetosyringone 100 µM sí i. Ọgbẹ́ ara tábà máa ń tú irú èròjà yìí jáde fúnra rẹ̀ láti pe bakitéríà. Atalẹ̀ kì í sábà pè é, ẹ̀yin lẹ ó bá a pè é.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìpàdé

Ẹ da kálọ́ọ̀sì hóró hóró sínú omi bakitéríà fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ẹ máa mì í jẹ́jẹ́. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà asẹ́ tó mọ́ kó gbẹ. Gbígbẹ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ: kálọ́ọ̀sì tó rin yóò mú kí bakitéríà bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kò sì ní rí ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e sórí oúnjẹ tó ní acetosyringone, pH rẹ̀ nǹkan bí 5.4, pẹ̀lú bébà asẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, fún ọjọ́ 2 sí 3 nínú òkùnkùn.

Ẹ wo ooru yàrá dáadáa ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ̀rọ tí bakitéríà fi ń gbé DNA wọlé ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 20 °C àti 25 °C. Bí yàrá bá kọjá 28 °C, bakitéríà yóò máa pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbé nǹkan kan wọlé. Bí kálọ́ọ̀sì bá ń dúdú, ẹ fi ascorbic acid tàbí cysteine díẹ̀ sí oúnjẹ náà.

Ọ̀nà kejì wà, ìbọn jíìnì, tí John Sanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cornell gbé jáde ní àwọn ọdún 1980: a ó lẹ DNA mọ́ ègé wúrà tíntìntín, a ó yìn ín wọ sẹ́ẹ̀lì. Ó dára fún ewéko tí bakitéríà kò bá lè wọ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń fi ẹ̀dà púpọ̀ síbi kan náà, DNA náà sì máa ń já.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pa bakitéríà, ẹ fi oògùn ṣe àṣàyàn

Ẹ fi omi tó ní cefotaxime, oògùn apa-bakitéríà, mílígíráàmù 500 sí lítà kan fọ kálọ́ọ̀sì títí omi yóò fi mọ́ lójú, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ 5 sí 7 lórí oúnjẹ tó ní cefotaxime 250 sí 300 láìsí hygromycin. Lẹ́yìn náà ni hygromycin wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ẹ ó máa pààrọ̀ oúnjẹ, nítorí cefotaxime kì í pẹ́ nínú ìgò.

Púpọ̀ yóò dúdú, yóò kú. Láàárín òkú náà ni hóró funfun tuntun yóò ti máa yọ orí. Ẹ fún hóró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá rí i, kí ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ òmíràn láé. Èéhù mẹ́wàá tó ti inú hóró kan ṣoṣo jáde, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni wọ́n, wọn kì í ṣe mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ àbájáde tó wuyì lórí bébà ló ń wó lulẹ̀ níbí yìí.

Ẹ gbé hóró tó yè lọ sórí BAP, kí hygromycin ṣì wà nínú oúnjẹ náà. Èéhù tó bá funfun gbáú kò ní yè. Èéhù tó bá sì ní àwọ̀ ewé, ẹ gé e, ẹ tún un gbìn lórí oògùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí apá tí kò ní jíìnì lè kú kúrò lára rẹ̀. Atalẹ̀ kò ní irúgbìn tí a ó fi sẹ́ àdàlù jáde. Èéhù tó bá jẹ́ àdàlù lónìí, àdàlù ni yóò máa jẹ́ láti iṣu dé iṣu. Gbòǹgbò kì í ṣe wàhálà, ìdajì MS láìsí họ́mónù ti tó.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yọ̀

Àwọ̀ búlúù ọjọ́ kẹta kò fi nǹkan kan hàn ju pé DNA wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Ó lè má tíì wọ kúrómósómù. Láti ara ewé tó ti gbó ni kí ẹ ti mú DNA fún PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ ègé DNA kan di púpọ̀ kí a lè rí i. Ẹ fi àfiwéra mẹ́ta sí i: omi lásán, atalẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn, àti plasmid. Ẹ tún wá jíìnì bakitéríà kan tí kò sí láàárín ààlà méjèèjì, bíi virG. Bí virG bá jáde, bakitéríà ṣì wà lára ewéko yín, ẹ kò sì lè gba PCR àkọ́kọ́ gbọ́. Southern blot ni yóò sọ iye ẹ̀dà tó wọlé, yóò sì fi hàn bóyá ewéko méjì yàtọ̀ síra lóòótọ́. RT-PCR ni yóò wá sọ bóyá jíìnì náà ń ṣiṣẹ́. Jíìnì lè wà níbẹ̀ kó sì sùn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lo CRISPR, ọ̀nà tí a fi ń gé DNA síbi tí a bá fẹ́, ìkìlọ̀ kan: nínú ìrẹsì, a lè da Cas9, ohun tó ń gé e, nù nínú ọmọ ìran kejì nípa irúgbìn. Atalẹ̀ kò ní irúgbìn, Cas9 tó bá wọ kúrómósómù rẹ̀ kò ní jáde mọ́. Ẹ ronú lórí fífi èròjà Cas9 gan-an sínú sẹ́ẹ̀lì dípò jíìnì rẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n òun ló mọ́ jù. Bí ìhù bá sì jẹ́ ìṣòro yín, ẹ wo àwọn jíìnì tó ń ran ìhù lọ́wọ́: BBM àti WUS2 tó ṣiṣẹ́ nínú àgbàdo ní 2016, àti GRF4-GIF1 tó ṣiṣẹ́ nínú àlìkámà ní 2020. Ọ̀nà yẹn ló dà bíi pé yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ata àti black pepper.

Ìgbésẹ̀ 9: Sínú ilẹ̀

Ẹ fọ gbogbo ágà kúrò lára gbòǹgbò, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ ni olú ń wá. Ẹ lọ́ ọ sínú àdàpọ̀ iyanrìn àti koríko jíjẹrà tí a ti sè, ẹ fi ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bò ó kí ọ̀rinrin má bàa lọ, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Inú ilé tí àṣẹ yín dárúkọ ni yóò wà.

Iṣu ọdún àkọ́kọ́ yóò kéré lójú. Bẹ́ẹ̀ ni atalẹ̀ tó ti inú ìgò wá ṣe ń rí, jíìnì kọ́ ló fà á. Ó máa ń tó ìgbà ìkórè méjì kí iṣu tó dé ìwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà ẹ gbin àfiwéra tó ti inú ìgò wá bákan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi wé atalẹ̀ oko. Ìdánwò àrùn tí ẹ bá fẹ́ ṣe, iṣu ìran kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì fi ìran kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú ìgò, nítorí ìdánwò náà yóò pa èyí tó wà nínú ìkòkò.